Kí O Tó Bẹ̀rẹ̀ Kíláàsì Wa Lọ́jọ́ Ajé

Òkè-Ṣọ́pẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ṣẹ̀rífátù, Àṣàkẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bí o bá wà níbi iṣẹ́, dá a padà sínú àpò títí o fi máa délé. Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé gààrí tó o ní ó ti kan jù yẹn, òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń fi ẹjọ́ gààrí kíkan sùn? Ọdún kan péré ní Abẹ́òkúta, o ti di àlejò.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn, ìyá rẹ ni mo kọ ọ́ sí kí n tó fẹ́ ẹ, ó sì ń fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ di òní. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ̀ ọ́. Mi ò ní tíì sọ gbólóhùn méjì tí wàá ti bú sẹ́kún, èmi náà á máa pariwo pé kí o dákẹ́, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì bọ́ sọ́nù láàárín wa. Kò sí ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Kà á dópin kí o tó pè mí.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ara mi kò yá. Jẹjẹrẹ ni àwọn dókítà rí lára mi, irú èyí tó máa ń mú àwa àgbà ọkùnrin nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti mọ̀. Ìyá rẹ náà mọ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ọ. Mo ń gba abẹ́rẹ́, mo ń lo oògùn, mo ṣì ń jẹun, mo ṣì ń bá ìyá rẹ jiyàn lórí ẹran tí kò jinná.

Ìyókù ọ̀rọ̀ ló mú mi kọ̀wé. Kíláàsì orí fóònù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ní jẹjẹrẹ bí wọ́n ṣe lè fara balẹ̀, kí wọ́n máa tẹ́tí sí èémí ara wọn kí ìdààmú ọkàn wọn lè dín kù, mo wà níbẹ̀. Ó di oṣù mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ orúkọ mi sílẹ̀. Bàbá Pákó ni wàá rí lórí fóònù rẹ, nítorí iṣẹ́ sọ́míìlì tí mo ṣe, àwòrán mi kì í sì í hàn. Lọ́jọ́rú, tíṣà wa sọ pé òun ń lọ bímọ, pé láti ọjọ́ Ajé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tó kàwé jáde ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ni yóò máa kọ́ wa, Ṣẹ̀rífátù ni wọ́n ń pè é. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní orúkọ ọmọ mi rè é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lo pè, tó ò ń fò sókè pé o ti ríṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù fún ìyá rẹ lójijì, tí mo ní mo fẹ́ tọ̀. Ìtọ̀ kankan kò gbọ̀n mí.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n yọ́ jáde nínú kíláàsì náà, o ò ní mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n mo nílò ibẹ̀, Àṣàkẹ́. Mi ò sì lè máa fara pamọ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi kó dà bíi pé mo ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ó ní ohun tí mo fẹ́ bi ọ́, màá bi ọ́ nísàlẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ìwọ kàwé nípa nǹkan yìí, èmi ló ń jókòó ní ìhà kejì fóònù, mo sì ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àmín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, tíṣà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí èjìká yín wá sílẹ̀." Obìnrin kan ní, "Àmín." Tíṣà ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀." Gbogbo wa ní, "Àmín o!" "Ẹ jẹ́ kí èémí yín máa wọlé, kó máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́." "Àmín láṣẹ Ọlọ́run!" Ẹnì kan fi "lórúkọ Jésù" tì í, èmi náà ò gbẹ́yìn, mo ní, "Àmín, yà Rábì." Ẹni tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí ọkàn aláìsàn balẹ̀, kí la fẹ́ gbà pé ó ń ṣe bí kì í bá ṣe àdúrà? Tíṣà ṣàlàyé títí pé kì í ṣe àdúrà. A ní a ti gbọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, a tún ṣe àmín. Nígbà tó sú u, ó pa ohùn gbogbo wa. Kálukú wá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ló lọ. A jáde, a tún wọlé, a ń kígbe pé, "Ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ ń gbọ́ mi?" títí àsìkò fi tán. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyá rẹ sáré wá wò mí, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín mi.

Nítorí náà, má bá wa jà. Fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti kí ara wa, ká béèrè ilé àti ọmọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàdúrà ṣe é. Lẹ́yìn náà, dípò kí o máa pàṣẹ fún ara wa, bi wá léèrè. Ní, "Báwo ni èjìká yín ṣe rí báyìí?" Kò sí ẹni tó ń ṣe àmín sí ìbéèrè. Àwa tí a sì ti lo ọ̀pọ̀ oṣù níwájú dókítà, a ti fẹ́ ẹni tó máa bi wá ní nǹkan tí kì í ṣe iye ìgbà tí a tọ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ló mú mi. O mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí n máa tú nǹkan wò. Tíṣà bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀rù tó ń bà yín, ibo ló wà lára yín?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Mo wá a ṣá. Mo bá a lábẹ́ ìhà òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó gbóná díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti sún sí ọ̀nà ọ̀fun. Ní ọjọ́ kẹta mi ò rí i títí mo fi jẹun ọ̀sán tán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a láràárọ̀, bí mo ṣe máa ń fi etí wá ìṣó tó wọ inú gẹdú nígbà tí mo ṣì ń la pákó. Kò tíì lọ o. Ṣùgbọ́n mo ti mọ àwọn ibi tó ń dé, ìyẹn sì dára ju kó kàn gbá mi mú láti ẹ̀yìn.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ níbí. Ìka ọwọ́ òsì mi tó kúrú, tí o máa ń fà ní kékeré, tí mo sọ fún ọ pé ọ̀nì ló gé e jẹ ní Mákùn-Omi, kì í ṣe ọ̀nì. Ayùn ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó mi. Ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wá ń ti pákó sẹ́nu ayùn, mo ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi. Mo ń bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti máa dun ẹni náà wọra gan-an nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi fúnra mi kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn pẹ̀lú ìwé ńlá yẹn, ọ̀gá mi ti ń pariwo rẹ̀ sí mi létí kí wọ́n tó bí ọ: "Ràṣídì, ibi tí o wà ni kí o wà!" Mo kà á sí wàhálà àgbà. Tí ẹnì kan bá sọ fún ọ ní kíláàsì pé nǹkan òyìnbó nìyí, bi í bóyá ó mọ ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà bà mí o. Mo lọ bá Àlùfáà wa. Mo ní, "Àlùfáà, a máa ń jókòó, a máa ń dákẹ́, a máa ń tẹ́tí sí èémí. Ṣé kò léèwọ̀?"

Wọ́n ní, "Ta lẹ ń pè níbẹ̀?"

Mo ní, "Éè sí ẹni tí a ń pè. Èémí nìkan ni."

Wọ́n ní, "Ta ló ni èémí?" Wọ́n wá ní kí n rí i pé kò dí àsìkò ìrun lọ́wọ́, wọ́n sì béèrè bóyá ó ń jẹ dátà púpọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ àwọn náà lẹ́nu. Má fọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àwọn èèyàn ṣeré. Tí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì, jẹ́ kó lọ béèrè lọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán, kó tó padà wá.

Èkejì, àbí ẹ̀kẹta ni mo wà, ọ̀rọ̀ ojú dídì. Má sọ ọ́ di dandan. Lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa, ibẹ̀ ni mo ti ń jókòó. Mo dijú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Wàhídì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ń kọjá, ó kí mi pé ẹ kú ìkàlẹ̀. Mi ò dáhùn. Ó tún kí mi. Èmi Ràṣídì, kí wọ́n kí mi lẹ́ẹ̀mejì kí n má dáhùn? Ohun tí mo tún mọ̀ ni omi tútù lórí mi, pẹ̀lú igbe pé, "Yéè! Bàbá Ṣẹ̀rí ti dákú!" Fóònù mi mu omi, gbogbo kíláàsì gbọ́ igbe náà. Mo ń la ojú sílẹ̀ báyìí, mo máa ń dá àwọn tó bá kí mi lóhùn, mo sì ń bá èémí mi lọ.

Obìnrin kan tún wà, télọ̀ ni, ó ń ránṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmú ni tirẹ̀. Tó bá dijú báyìí, yàrá iṣẹ́ abẹ ló ń rí. Ó wá máa ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ bí tíṣà ṣe ń sọ̀rọ̀. Tíṣà rí i, ó ní kó gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò bá a jiyàn, kò kàn wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó padà, ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mo wà láyé." Tíṣà tọrọ àforíjì lójú gbogbo wa. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà, má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aláìsàn.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí nira fún bàbá láti kọ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbójú kúrò bí o bá ń kà á. Ó máa ń ní àsìkò kan tí ẹ máa ń mú wa rìn káàkiri ara wa, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, pé ká kíyè sí orúnkún, ká kíyè sí itan. Tí ẹ bá ti ń sún mọ́ abẹ́ ìdodo, mo máa ń pa fóònù ni. Ibẹ̀ ni àìsàn mi wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ mi tí n kò ní kọ síbí. Tí ẹ bá fò ó, ó dà bíi pé ìtìjú ni. Tí ẹ bá sì dá wa dúró síbẹ̀, ó pọ̀ jù. Kàn sọ fún wa ṣáájú pé ẹni tí kò bá fẹ́ dé ibì kan lè dúró sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi í ní ìdí. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò ní sọ èyí fún ọ láé, torí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó ku kékeré kan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kíláàsì yìí ń wo jẹjẹrẹ sàn. Mo fẹ́ẹ̀ ṣe àṣìṣe yẹn. Oorun mi ti dáa, ara mi fúyẹ́, mo wá ń sọ fún ìyá rẹ pé mo lè fo abẹ́rẹ́ oṣù yẹn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun máa gbé mi pọ̀n lọ bí mi ò bá dìde. Mo dìde. Máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé ọkàn lẹ̀ ń tọ́jú, pé kí kálukú má kúrò lẹ́yìn dókítà rẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ láti òkè wá nìyí. Ìyá mi, tí o kò bá láyé, Mákùn-Omi ni wọ́n ti ṣàìsàn tó gbé wọn lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ orúkọ àìsàn náà fún wa. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò wọ́n pẹ̀lú búrẹ́dì, mílíìkì àti ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀. Mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà pé ẹnu òun lè lé ikú. Ìyá mi á ní, "Ràṣídì, ó dà bíi pé..." Èmi á ti gbà á lẹ́nu wọn, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Ìyá mi. Ẹ máa bá mi jẹun ọmọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo tún lọ, wọn ò gbìyànjú mọ́. Wọ́n bi mí bóyá pákó ń tà. Ọ̀rọ̀ pákó la sọ títí ọkọ̀ fi fẹ́ ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé ránṣẹ́ pè mí, mo sì bá òkú.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Mo ti di àgbàlagbà, mo ṣì fẹ́ mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tàbí ti bàbá mi, tàbí pé wọ́n kàn fẹ́ kí n dákẹ́ di ọwọ́ wọn mú. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń ṣe. Ìbẹ̀rù tèmi ni mo fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo wá fi àdúrà bò ó.

Ìyá rẹ náà ń ṣe é fún mi báyìí, mi ò bá a wí. Tí mo bá ti la ẹnu, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ti bọ́ sílẹ̀, á sì dìde lọ sí kíṣìnì lọ sunkún. Kíláàsì yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ dé òpin. Mo ń gbọ́ tí àwọn tó kù ń sọ tiwọn. Èmi ò tíì sọ tèmi. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, àfi bí mo ṣe gbọ́ orúkọ rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ rè é: ṣé o lè gbọ́ ọ? Rò ó dáadáa, má dáhùn torí pé bàbá rẹ ni mí. Bí o bá lè gbọ́ ọ, tí ohùn rẹ ò ní yí padà, tí àwọn yòókù ò ní pàdánù tíṣà wọn nítorí mi, màá wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Màá jáde tìfẹ́tìfẹ́, nọ́ọ̀sì á wá ibòmíràn fún mi. Èyí tí mi ò ní gbà ni kí o kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ wá jókòó tì mí ní Òkè-Ṣọ́pẹ̀n. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí rẹ. Télọ̀ yẹn ti ń béèrè bóyá o gbọ́ Ìjẹ̀bú.

Kí ìdáhùn rẹ má bàa jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, jẹ́ kí n sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọ báyìí, kí o wo bó ṣe máa rí lára rẹ. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe ti ìrora, wọ́n ní oògùn wà fún ìyẹn. Mo máa ń ṣe àlùwàlá tán láàárọ̀, màá wo ọwọ́ mi, màá sì rò ó pé láìpẹ́, ẹlòmíràn ló máa wẹ̀ ẹ́ fún mi. Mi ò fẹ́ lọ. Mo ṣì fẹ́ mọ irú èèyàn tí o máa dà. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ.

Bí o bá ti sunkún tán, pè mí. Kí o sì dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá gbé e, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tán síbí, mo fẹ́ fi ẹnu mi sọ ìyókù.

Èmi ni,
Ràṣídì, bàbá rẹ.